Ẹni Tó Ń Ṣẹ́ Kèké fún Àwọn Oníṣẹ́ Abẹ

Bàbá mi àgbà kì í ṣe dókítà. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, kò sí ẹni tó wá kí wa nílé wọn ní Adéwọlé tí kò ní mi orí pé dókítà ńlá lọ. Màá gbé omi síwájú onítọ̀hún, màá ní ẹ ṣeun, Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká rí àkúfà. Bí inú mi kò bá dùn lọ́jọ́ náà, màá fi kún un pé Bàbá kò fi abẹ kan ọmọ ènìyàn rí, àfi èékánná ara wọn tí wọ́n máa ń gé lọ́jọ́ Jímọ̀. Àlejò á wò mí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ti dà lọ́kàn rú, á sì bu omi mu.

Iṣẹ́ ìṣirò ni Bàbá ṣe fún àwọn dókítà, pàápàá àwọn oníṣẹ́ abẹ. Bí ọ̀nà méjì bá wà láti tún ènìyàn ṣe, tí dókítà kan ń sọ pé èyí ló dára, tí èkejì ń sọ pé ìyẹn ni, Bàbá ni àwọn méjèèjì máa ń sá tọ̀ wá. Bàbá kò ní béèrè ẹni tó kàwé jù. Wọ́n á ní kí a kó àwọn aláìsàn tó bá gbà jọ, kí a ṣẹ́ kèké lé wọn, kí apá kan gba ọ̀nà àkọ́kọ́, kí apá kejì gba ìkejì, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, ì báà ṣe dókítà, ì báà ṣe aláìsàn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa ka ẹni tó sàn, ẹni tí àìsàn padà sí lára, ẹni tó kú. Orí iṣẹ́ yẹn ni irun wọn ti funfun, orí rẹ̀ náà ni irun ọ̀hún ti tán. Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn tó ṣáájú wọn lọ, máa ń sọ pé òun ò rí irú iṣẹ́ tí ọkọ òun ń ṣe rí, iṣẹ́ tí ènìyàn á ṣe títí ọdún á fi gorí ọdún, kó tó wá lè sọ pé "ó jọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ ọmọ tó gbé pẹ̀lú wọn ni mí. Aṣọ ni mò ń rán ní àdúgbò Ṣàngó. Lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà kú, èmi ni mo kó ẹrù mi wá sí Adéwọlé, nítorí pé gbogbo àwọn yòókù ló níṣẹ́ gidi, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Èmi ni mò ń se oúnjẹ wọn, èmi ni mò ń fún wọn ní oògùn, èmi náà ni mò ń gbọ́ àríyànjiyàn wọn. Mo fẹ́ràn wọn, wọ́n sì rẹ̀ mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ̀kan kí n má sọ èkejì.

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n fi ń bá gbogbo ayé jà. Àlàájà kan tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa máa ń se àgbo ibà. Ó gbé ìgò kan wá fún wọn nígbà tí ara wọn kò yá, ó ní kò sí ẹni tó mu ún tí kò dìde. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúà fún un. Wọ́n wá bi í pé, "Àlàájà, àwọn tí kò mu ún ńkọ́? Ṣé wọn ò dìde ni?" Àlàájà kò gbé àgbo wá mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá Àgbà bínú gan-an. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, wọ́n fún yín lágbo, ẹ̀ ń béèrè ẹ̀rí." Ọ̀rọ̀ yẹn di ohun tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu nínú ilé. Bí bàbá tó bí mi lọ́mọ bá ń fọ́nnu pé láti ìgbà tí òun ti ń ra epo ní ibì kan ni mọ́tò òun ti ń lọ geerege, àwa ọmọ á pariwo pé àwọn tí kò rà níbẹ̀ ńkọ́.

Lọ́jọ́ Iléyá, nígbà tí a wà ní kékeré, Bàbá kì í jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ mú ẹran. Wọ́n á ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀, gígùn àti kúkurú, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdí wọn, oníkálukú á fa tirẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wa lè lọ pẹ̀lú itan, kí bàbá mi tó jẹ́ àkọ́bí wọn wá gba egungun. Bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Wọ́n ní ilé tí wọn kò bá ti mọ àgbà yàtọ̀, ilé náà ò níláárí. Lọ́dún kan, mo fa kúkurú, mo sì bú sẹ́kún. Bàbá àgbà fà mí mọ́ra, àmọ́ wọn ò pààrọ̀ ẹran mi. "Kèké ò mọ ẹni tó ń sunkún, ìyá mi," ni wọ́n wí. "Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn." Ìyá mi ni wọ́n máa ń pè mí, torí pé orúkọ ìyá wọn ni mò ń jẹ́.

Ìyá kan náà ló bí Bàbá àti Sùlé àbúrò wọn, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Sùlé. Bí ènìyàn kò bá mọ ọ̀rọ̀ Bàbá Sùlé, kò tíì mọ Bàbá. Bàbá wọn tètè kú, ilẹ̀ oko sì wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa ro ó. Sùlé kékeré ló ní òun á dúró lóko kí ẹ̀gbọ́n òun lè lọ kàwé. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é. Ó lọ sílé kéwú níwọ̀nba, ó sì gbé ọkọ́. Iṣu àti ọkà bàbà tó ń gbìn ló rán Bàbá níwèé títí wọ́n fi kúrò ní Ìlọrin lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n tún padà. Bàbá kì í fi èyí pamọ́. Bí àwọn ènìyàn bá ń yìn wọ́n, wọ́n á ní, "Sùlé ló kàwé. Èmi kàn jókòó sí kíláàsì ni."

Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé pẹ̀lú Bàbá, àbúrò wọn yìí kì í bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá ń fẹ́ kí wọ́n tó kú nìyẹn, kí Sùlé la ẹnu kó bá wọn sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n nítorí wọ́n máa ń sọ ọ́ bí mo bá ń wọ́ ẹsẹ̀ fún wọn lọ́sàn-án.

Ìpá ló fà á. Àìsàn àwọn tó ń ro oko ni, ìfun á yọ sí abẹ́ ikùn, á máa wú. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ilé ìwòsàn tí Bàbá ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ mọ ọ̀nà tó dára jù láti tún un ṣe. Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí dókítà fa ẹran ara ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ihò tí ìfun gbà yọ pọ̀ kó rán an. Ọ̀nà tuntun ni pé kó fi àwọ̀n kékeré kan dí ojú ihò náà. Àwọ̀n ọ̀hún ṣọ̀wọ́n, ìwọ̀nba tí wọ́n kó wá láti òkèèrè fún iṣẹ́ náà ló wà. Nígbà tí mo di aránṣọ, mo sọ fún Bàbá pé ọ̀rọ̀ yìí ò le, pé aṣọ tí a bá lẹ̀ kì í tètè ya bí èyí tí a kàn fa pọ̀. Wọ́n bi mí pé nínú àwọn aṣọ tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, ta ló ń yan èyí tí màá lẹ̀ àti èyí tí màá fà pọ̀. Mo ní ẹni tó bá lówó ló máa ń ní kí n lẹ̀ ẹ́, aṣọ tirẹ̀ náà ló sì máa ń nípọn jù. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn.

Dókítà Àjàdí, ọ̀rẹ́ wọn, ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Inú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa ni Bàbá máa ń fi èsì kèké sí, nọ́ọ̀sì á sì ya á nígbà tí aláìsàn bá ti gbà tán. Kò pẹ́ tí Bàbá fi gbọ́ pé Dókítà ń na àpò ìwé sójú oòrùn létí fèrèsé kó lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀, pé bí ó bá rí i pé ti àtijọ́ ló kàn, tí àánú aláìsàn sì ń ṣe é, á ní kí onítọ̀hún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá kèké mìíràn á gbé àwọ̀n fún un. Bàbá kò pariwo. Wọ́n ra ìwé dúdú, wọ́n fi bo inú gbogbo àpò náà. Dókítà wá bá wọn nílé, kò ṣí fìlà, kò jókòó dáadáa. Ó ní ìkà ni èyí, pé òun ti mọ̀ pé àwọ̀n ló dára jù. Bàbá ní, "O kò mọ̀. O rò." Dókítà béèrè pé ṣé àánú ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni. "Àánú tó bá ń yan ẹni tó máa ṣe, Àjàdí, ojúsàájú ni." Wọ́n yan ara wọn lódì fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á sì jọ tò sí sàfù kan náà kírun Jímọ̀.

Ìgbà yẹn kan náà ni ọmọ kan pẹ̀lú bàbá rẹ̀ wá láti oko, àwọn méjèèjì ló ní ìpá. Kèké gbé àwọ̀n fún ọmọ, ó gbé ti àtijọ́ fún bàbá. Ọmọ náà ní èèwọ̀, pé òun ò lè gba tuntun kí bàbá òun gba ògbólógbòó, ó sì fi ìwé tirẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbà fún wọn, ó tún ń yin ọmọ náà pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Bàbá àgbà kò gbọ́ títí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán. Dókítà ránṣẹ́ pé kí wọ́n ka bàbá àgbẹ̀ náà mọ́ àwọn tó gba àwọ̀n, ó ṣáà wà nínú ara rẹ̀. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà ṣe dáadáa, Ọlọ́hun á san án fún un. "Àmọ́ ibi tí kèké gbé wọn sí ni màá ti kà wọ́n. Bí mo bá kà wọ́n síbi tí ìfẹ́ gbé wọn sí, ìfẹ́ ni mò ń dán wò, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Sùlé dé. Ìpá tiwọn ti le, wọn ò lè kọ ebè mọ́. Wọ́n lọ bá Bàbá níbi iṣẹ́, níwájú nọ́ọ̀sì àtàwọn aláìsàn, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n àwọn bá àwọn wá àwọ̀n. Bàbá sọ ọ́ kedere. Wọ́n ní, "Sùlé, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Bí o bá gbà kí a ṣẹ́ kèké, ibi tó bá gbé ọ sí lo máa lọ. Bí o ò bá gbà, ti àtijọ́ ni wọ́n á ṣe fún ọ, kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ." Bàbá Sùlé ní àwọn gbà.

Ẹni tó bá mọ ìlú yìí á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹni tó wà nípò bá sọ lójú àwùjọ pé kò sí ohun tí òun lè ṣe, ohun tó ń sọ ni pé kí o padà wá sílé ní ìrọ̀lẹ́. Lójú Bàbá Sùlé, ẹ̀gbọ́n àwọn ti fi ọgbọ́n pè wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n wá sí Adéwọlé pẹ̀lú ẹyẹ ẹtù méjì, wọ́n jókòó sórí ẹní, àwọn méjèèjì jọ jẹ tùwó nínú abọ́ kan. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ àwọn Fúlàní tó da màálù kọjá lóko. Bàbá Sùlé kò dárúkọ àwọ̀n, nítorí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fẹnu sọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti padà wá o." Bàbá ní, "Mo rí ọ, àbúrò mi. Ọlọ́hun á ṣe é ní ìrọ̀rùn." Bàbá Sùlé lọ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ti àtijọ́ ni kèké gbé fún wọn, wọn ò sì béèrè, wọ́n rò pé ẹ̀gbọ́n àwọn ti ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tú òwú ojú ọgbẹ́ ni wọ́n bi nọ́ọ̀sì bóyá àwọ̀n náà ti mọ́ ara, nọ́ọ̀sì sì ní kò sí àwọ̀n níbẹ̀. Bàbá Sùlé wọ mọ́tò èrò lọ sóko, wọn ò dúró de ẹ̀gbọ́n wọn tó ní òun á gbé wọn. Kò tó ọdún méjì tí ìpá náà padà. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ ibẹ̀ kò le mọ́, wọn ò sì gbé ọkọ́ mọ́ láyé wọn.

Iṣẹ́ náà parí, èsì jáde, ó jọ bẹ́ẹ̀ pé àwọ̀n ló dára jù. Ilé ìwòsàn náà ń fi àwọ̀n tún ìpá ṣe fún gbogbo ènìyàn báyìí. Dókítà Àjàdí wá sílé, ó ṣí fìlà lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ṣé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní, "O sọ. Àmọ́ báyìí la tó mọ̀." Wọ́n jọ mu tíì. Àkọ́bí Bàbá Sùlé náà ní ìpá lẹ́yìn náà, wọ́n fi àwọ̀n sí i, ó sì ń ro oko títí di òní. Bàbá rò pé ìyẹn á rọ ọ̀rọ̀ náà. Kò rọ̀ ọ́.

Ọdọọdún, lẹ́yìn ìrun Iléyá, Bàbá á gbé itan àgbò lọ sóko. Bàbá Sùlé á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n á ṣàdúà fún wa, wọ́n á tẹ́ ẹní. Wọn ò ní bá Bàbá sọ̀rọ̀. Orí ẹní kan náà làwọn méjèèjì á jókòó sí, Bàbá Sùlé á sì yíjú sí mi, wọ́n á ní, "Bi ẹni tó gbé ọ wá bóyá ara wọn le." Màá bi wọ́n. Wọ́n á fèsì. Màá tún fèsì náà fún Bàbá Sùlé tó ti fetí ara wọn gbọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, mo kàn ń retí kó parí ká máa lọ sílé. Alfa ìdílé wa gbìyànjú títí. Ó ní kádàrá ni. Bàbá Sùlé ní, "Alfa, kádàrá kì í lẹ àpò ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ló lẹ̀ ẹ́."

Lọ́dún tó kẹ́yìn yìí, ara Bàbá kò gbé e mọ́. Lọ́sàn-án kan tí iná ti lọ, tí mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn, wọ́n dédé ní kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ohùn wọn kò yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n bá ń béèrè omi. "Mo mọ ohun tí Sùlé bá wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti mọ̀ kó tó jókòó. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Bí ó bá la ẹnu, tó sọ ọ́ jáde, ìyá mi, ǹ bá ṣe é fún un." Wọ́n ní gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà, ìbẹ̀rù ni wọ́n fi jẹ ẹ́, kí àbúrò wọn má lọ sọ ọ́. Mo dá abẹ̀bẹ̀ dúró. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Kéwú nìkan ni Bàbá Sùlé ń kà, wọn ò ní ka ibí yìí.

Wọ́n ní kí n pe Sùlé. Mo pè wọ́n, ọmọ wọn gbé fóònù sí wọn létí, mo sọ pé ara Bàbá kò yá, pé wọ́n ń béèrè wọn. Bàbá Sùlé ní, "Mo gbọ́," wọ́n sì dá fóònù padà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bí mọ́tò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá á yíjú síbẹ̀.

Wọ́n kú lẹ́yìn ìrun Súbúhì. A ránṣẹ́ sóko. Ní tiwa, òkú kì í sùn sílẹ̀, Alfa sì ti ní kété tí a bá kírun Àìlà ọ̀sán tán, a ó gbé wọn lọ. Bàbá mi ń pe fóònù Bàbá Sùlé, kò wọlé. A ti wẹ òkú, a ti dì í, àwọn ọkùnrin ti to sàfù níta, Bàbá Sùlé kò tíì dé. Bàbá mi ní kí wọ́n má dúró mọ́. Mo wà lórí bàràǹdà pẹ̀lú àwọn obìnrin, inú sì ń bí mi sí gbogbo wọn, àtòkú àtààyè.

Sàfù ti dúró tán nígbà tí mọ́tò kan já Bàbá Sùlé sílẹ̀. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ dúró lẹ́yìn Alfa, wọ́n kírun sí ẹ̀gbọ́n wọn lára. Lẹ́yìn tí a kírun tán, Alfa yíjú sí àwọn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó ní ẹni tí Bàbá bá ṣẹ̀ nígbà ayé wọn, kó foríjì wọ́n nítorí Ọlọ́hun. Gbogbo ènìyàn ní àwọn ti foríjì wọ́n. Bàbá Sùlé ní kí Alfa dúró ná.

"Mo lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ tọrọ nǹkan," ni wọ́n wí. "Mi ò tọrọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, wọn ò ní ṣe é, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ pé rárá lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn mí títí dòní. Mo foríjì wọ́n. Ẹ gbé wọn."

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ fún mi, pé àwọn ì bá ṣe é, dé ètè mi. Mo wo Bàbá Sùlé. Àgbàlagbà ni wọ́n, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti rí ohun tí wọ́n lè gbé lọ sílé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Àwọn ọkùnrin gbé òkú sókè, wọ́n kọjú sí itẹ́ òkú, Bàbá Sùlé sì tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di abẹ́ ikùn wọn mú.